Tépù bọ́ sí yẹ́lò lápá ọmọ mi, wọ́n ní egungun rẹ̀ ló kéré: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àrẹ̀mú
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù mẹ́rìnlá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá sí àdúgbò wa fún Ọ̀sẹ̀ Ìlera Ìyá àti Ọmọ. Wọ́n kán fítámínì A sí i lẹ́nu, wọ́n sì fi tépù pẹlẹbẹ aláwọ̀ mẹ́ta kan yí i lápá òsì. Ti ọmọ mi bọ́ sí yẹ́lò, 12.1. Ọmọbìnrin tó wọ̀n ọ́n kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, ó ní kí n máa tọ́jú oúnjẹ rẹ̀, ó ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nítorí èrò pọ̀.

Láti ìgbà náà n kò sùn dáadáa. Ìyá ọkọ mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé bí bàbá rẹ̀ náà ṣe rí ní kékeré nìyẹn, egungun ìdílé wọn ló kéré. Ọmọ náà ń rìn, ó ń ṣeré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n ó ya ìgbẹ́ gbuuru fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà lóṣù tó kọjá, kò sì tíì padà sídìí oúnjẹ dáadáa. Ẹ̀kọ nìkan ló ń gbà. Kí ni 12.1 yìí ń sọ gan-an? Ṣé kí n gbé e lọ sílé ìwòsàn ni, àbí kí n máa wò ó níran?

Màmá Nọ́ọ̀sì
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bò ọ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n má wò ó níran o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Apá ọmọ tí mo ti fi tépù yí kò lóǹkà.

Ẹran ara àti ọ̀rá apá ọmọ ni tépù yẹn ń wọ̀n. Ibẹ̀ wà lára ibi tí ara ti ń bù jẹ nígbà tí èyí tó ń gba ẹnu wọlé kò bá tó. Tó bá jẹ́ 12.5 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé nìyẹn. Láti 11.5 sí 12.4, yẹ́lò ni: oúnjẹ kò tó o lára, ẹ sì ṣì ní àyè láti gbà á sílẹ̀. Tí kò bá ti tó 11.5, pupa ni, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn ọjà. Ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà títí dé ìgbà tó bá ku oṣù kan kó pé ọdún márùn-ún ni nọ́ńbà wọ̀nyí wà fún. Nígbà tiwa, 11.0 ni ààlà pupa. Ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé e sí 11.5, nítorí wọ́n rí i pé ikú ń mú àwọn tó wà láàárín méjèèjì náà. Bí ẹ bá bá tépù àtijọ́ pàdé, nọ́ńbà ni kí ẹ kà, ẹ má wo àwọ̀ nìkan.

Ìwọ náà tún un wọ̀n, nítorí níbi tí èrò bá ti pọ̀, ọwọ́ a máa yá jù. Bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ pátápátá. Má ká apá ẹ̀wù sókè, ẹ̀wù tí a ká a máa fún ẹran ara. Apá òsì ni. Ká ọwọ́ rẹ̀ ní ìgúnpá bí ìgbà tí èèyàn gbé abọ́ dání. Wá egungun tó yọ ṣóńṣó léjìká, wá ṣóńṣó ìgúnpá, wọn àárín wọn, dá a sí méjì, fi bírò sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o jẹ́ kí ọwọ́ náà rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ojú àmì yẹn ni kí tépù gbà. Bí awọ ara bá ká jọ lábẹ́ tépù, o ti fà á jù. Bí o bá ń rí àlàfo láàárín tépù àti ara, o kò tíì fà á tó. Bí ọmọ bá ń ké tó sì ń ran ọwọ́ mọ́ra, fún un lọ́mú ná, kára rẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o wọ̀n ọ́n, kí o kọ méjèèjì sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, rọra ka ení, èjì, ẹ̀ta, gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn sínú tí kò tètè padà, lẹ́sẹ̀ méjèèjì, gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ pé àwọ̀ ewé ni tépù wà. Ìwọ lo sọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn.

Bàbá Tóbi
Ẹ kú ìmọ̀ràn, Màmá. Ìbéèrè mi rèé o: ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára kò níye ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Kí ni tépù tún fẹ́ sọ tí ìwọ̀n kò lè sọ?

Ìyá Ìbejì
Bàbá Tóbi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún yín.

Ní 2014, Táyé mi sanra. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Ojú rẹ̀ rí rìgìdì, ikùn rẹ̀ yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Irun rẹ̀ wá ń pọ́n, mo rò pé oòrùn ni. Ó di ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín mọ́, tí kì í bá Kẹ́hìndé jà mọ́, mo ní ó ti ń gbọ́n. Mo gbé e lọ síbi abẹ́rẹ́, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, ó wúwo ju ti oṣù tó kọjá lọ, wọ́n sì kí mi kú iṣẹ́. Omi ni. Omi ló kún un lára. Kò sẹ́ni tó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá sí i kí nọ́ọ̀sì kan níbòmíràn tó fi àtàǹpàkò kàn án, tí ihò sì dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí a fi ìka gún iyán. Ó ní kwashiorkor ni, àìjẹunrekánú tó ń mú ara ọmọ wú.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún la lò ní wọ́ọ̀dù. Bí omi náà ṣe ń fà ni ìwọ̀n rẹ̀ ń já wálẹ̀, inú àwọn nọ́ọ̀sì sì ń dùn, èmi ń sunkún. Nígbà tó fà tán ni mo tó rí ọmọ mi bó ṣe wà lábẹ́ rẹ̀: awọ àti egungun. Kẹ́hìndé tó rí tín-ín-rín, tí wọ́n ń fi mí bú nítorí rẹ̀, òun ni kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Táyé wà láàyè, ó ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ìyá Àrẹ̀mú, tẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ lálẹ́ yìí kí o tó sùn.

Ìyá Àrẹ̀mú
Mo ti tẹ̀ ẹ́. Kò jìn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọlọ́run ṣeun. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì.

Mo fi tépù aránṣọ wọn apá rẹ̀, ó fún mi ní 12.3 lẹ́ẹ̀kan, 11.9 lẹ́ẹ̀kejì. Èwo ni kí n gbà?

Aránṣọ Òkè-Ògùn
Ẹ má bínú, mi ò kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n tépù ni mo fi ń jẹun. Ìyá Àrẹ̀mú, kí tépù yẹn tó sọ òótọ́, tẹ́ ẹ sórí rúlà. Tépù tó ti pẹ́ lọ́rùn aránṣọ a máa fà, èyí tó bá sì ti fà yóò máa sọ nọ́ńbà tó kéré sí òótọ́. Irin orí rẹ̀ náà, bó bá ti ṣí, òdo rẹ̀ ti sún nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti 10, kí o yọ 10 kúrò nínú ohun tí o bá kà.

Ẹ ṣọ́ra fún ojú kejì tépù pẹ̀lú, ínǹṣì ló wà níbẹ̀. 11.5 sẹ̀ǹtímítà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ínǹṣì mẹ́rin ààbọ̀ géérégé, 12.5 kò tó ínǹṣì márùn-ún. Oníbàárà mi kan ka ojú ínǹṣì fún ọmọ rẹ̀, ó rí 5, ó fẹ́ dákú. Láti 12.1 sí àwọ̀ ewé, mìlímítà mẹ́rin péré ni. Níbi tí ìyàtọ̀ ti kéré tó báyìí, ọwọ́ kan náà ni kó máa wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo, tépù kan náà, kí ọwọ́ má yàtọ̀ síra wọn.

Màmá Nọ́ọ̀sì
Aránṣọ, Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Àrẹ̀mú, 12.3 àti 11.9, yẹ́lò ni méjèèjì, má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú. Gbé e lọ sí ibùdó ìlera lọ́la, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n wo ìgbẹ́ gbuuru yẹn pẹ̀lú. Ó dá mi lójú pé òun ló fà á. Ṣé wọ́n fún un ní zinc nígbà yẹn? Omi ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, nìkan kò tó. Tábúlẹ́ẹ̀tì zinc ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ló máa ń bá a rìn, kí ìgbẹ́ náà má tètè padà.

Òṣìṣẹ́ Ìwádìí
Bàbá Tóbi, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún ti Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ wíwọn ọmọ láti ilé dé ilé ni mo ṣe, pẹ̀lú ìwọ̀n, pátákó gígùn àti tépù nínú ọkọ̀ kan náà.

Ìwọ̀n nìkan kò lè dá sọ̀rọ̀. Kílò mẹ́jọ: ṣé ti ọmọ oṣù mẹ́jọ ni àbí ti ọmọ ọdún méjì? Ẹ ní láti mọ ọjọ́ orí, tàbí kí ẹ mọ gígùn ọmọ. Gígùn sì ni wàhálà. Èèyàn méjì ló ń wọ̀n ọ́n: ẹnì kan mú orí mọ́ pátákó, ẹnì kejì tẹ orúnkún mọ́lẹ̀ kó sì ti pátákó mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ ń ké, ìyá rẹ̀ ń bínú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìdùbúlẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n. Èyí tó ti pé, ìdúró. Àṣìṣe kékeré kan níbẹ̀, ọmọ tó rù lè di ọmọ tí kò rù lójú ìwé. Tépù kò béèrè ọjọ́ orí pàtó, kò béèrè pátákó, àpò ẹ̀wù gbà á.

Òótọ́ ni pé tépù àti ìwọ̀n-pẹ̀lú-gígùn kì í fìgbà gbogbo mú ọmọ kan náà. A máa ń rí ọmọ tí tépù ní ó dára tí ìwọ̀n ní kò dára, a sì máa ń rí òdìkejì rẹ̀. Àwọn ìkókó àti àwọn ọmọ kéékèèké ni tépù máa ń tètè mú, àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni ikú máa ń tètè ká mọ́. Fún èmi, bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti pariwo, mo ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ egungun kékeré wá kù. Ìyá Àrẹ̀mú, ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún ìyá ọkọ yín. Kíkúrú yàtọ̀ sí rírù. Ọmọ lè kúrú kí apá rẹ̀ sì kún. Ìdílé lè kúrú, ṣùgbọ́n kò sí ìdílé tí ọmọ ọlọ́dún kan wọn ń rù. Àtẹ ìdàgbàsókè ọmọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006, orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti wọn ọmọ fún un: Bùràsíìlì, Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n fún gbogbo wọn lọ́mú bó ṣe yẹ tí wọ́n sì jẹun dáadáa, gígùn ọmọ Gánà àti ti ọmọ Nọ́wè fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Ìwádìí ìjọba wa ti 2018 sì sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, 37 ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ, 7 ló rù. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé nìkan kò lè ṣe èyí.

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ ṣé gan-an. Níbí, inú ìwé pupa ọmọ ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ìwọ̀n, gígùn, orí. N kò rí tépù apá rí. Ọmọ mi kejì wà nísàlẹ̀ àtẹ láti ọjọ́ tí mo ti bí i, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń tẹ̀lé ìlà tirẹ̀, kò sí nǹkan. Ọjọ́ tó kúrò lórí ìlà yẹn tó ń lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n tó pè mí. Ẹ máa tọ́jú káàdì ọmọ o.

Ọmọ Iléṣà
Ohun tó mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni káàdì tí Ìyá Lọ́ńdọ̀nù mẹ́nu bà. Ilẹ̀ wa ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ kó tó tàn kálẹ̀ ayé. Dókítà David Morley wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956. Ó ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó sì fi káàdì tí a ń fi kílò ọmọ sàmì sí lóṣooṣù lé àwọn ìyá lọ́wọ́ kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ìyá ló ni káàdì, kì í ṣe dókítà. Ìyẹn tóbi lójú mi.

Wíwọn apá náà ní ìtàn lórílẹ̀-èdè yìí, ìtàn ìbànújẹ́ sì ni. Nígbà ogun Biafra, ọmọ tí ebi ń pa pọ̀ débi pé kò sí àyè láti gbé ìwọ̀n kiri. Àwọn Quaker, ẹgbẹ́ Kristẹni kan tó wá ṣèrànwọ́, ṣe ọ̀pá kan tí wọ́n kọ ìwọ̀n apá sí lára. Wọn apá ọmọ, gbé e dúró ti ọ̀pá. Bí orí rẹ̀ bá ga ju ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n apá rẹ̀ sí, ebi ti jẹ ẹ́ lára, ẹ fún un lóúnjẹ. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọmọ kan ti tán. Lẹ́yìn náà, ní 1974, Morley àti dókítà mìíràn tó ń jẹ́ Shakir gbé ọ̀rọ̀ okùn aláwọ̀ mẹ́ta jáde, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè lò ó. Inú okùn yẹn ni tépù tó yí ọmọ yín lápá ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ ti yí padà.

Orúkọ kwashiorkor náà, èdè Gã ti Gánà ni. Dókítà Cicely Williams ló gbé e sínú ìwé àwọn oníṣègùn láàárín ọdún 1930 sí 1940. Àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n já lẹ́nu ọmú lójijì tí wọ́n sì fi ẹ̀kọ lásán rọ́pò, àwa náà mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́kọ
Ẹ̀kọ lásán! Ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀kọ ni mo ń tà, n kò sì ní parọ́ fún yín. Ògì tí a fi omi púpọ̀ pò, ikùn ọmọ ló ń kún, apá rẹ̀ kò ní kún. Ọmọ ní ikùn kékeré, kí gbogbo ṣíbí tó bá wọlé ní nǹkan nínú.

Èyí tí mo ń ṣe fún àwọn ọmọ ọmọ mi: ẹ̀kọ tó nípọn, ìyẹ̀fun ẹ̀wà sóyà tí a ti yan, ẹ̀pà lílọ̀, edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a gún kúnná, epo pupa ṣíbí kékeré kan. Lọ́jọ́ tí owó bá wà, ẹyin. Ọ̀sán, mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tàbí ẹ̀wà tí a rún pẹ̀lú epo. Alẹ́, àmàlà pẹ̀lú ewédú àti ẹja tí a já sí wẹ́wẹ́, kì í ṣe ọbẹ̀ tó ṣàn bí omi. Láàárín wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí píà. Kó máa mu ọmú lọ ní tirẹ̀. Abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀! Ọmọ tó bá ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan, ọwọ́ wọn yá ju tirẹ̀ lọ, ẹ kò ní mọ ohun tó jẹ.

Aṣèrànwọ́ Ṣakí
Mo máa ń bá wọn wọn ọmọ ládùúgbò wa. Nǹkan méjì. Bí ìyá kò bá mọ ọjọ́ ìbí, mo máa ń bi í pé: ṣé ẹ bí i kí àgbàdo tuntun tó dé ni, àbí lẹ́yìn Iléyá? Ìyá Àgbà ilé ló sábà máa ń rántí. Ìkejì, ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ má lo àwọ̀ tépù fún un. Láti 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí apá ìkókó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí oṣù mẹ́fà kò bá tó 11.0, kí wọ́n yẹ òun àti ìyá rẹ̀ wò.

Ní Zinder, ní orílẹ̀-èdè Niger, ALIMA, àjọ oníṣègùn aláàánú kan, kọ́ àwọn ìyá fúnra wọn láti wọn apá ọmọ wọn. Wọ́n tètè rí àwọn ọmọ tó ń rù ju àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò lọ, àwọn ọmọ tí wọ́n sì dá dúró sí ilé ìwòsàn dínkù. Kò sí ohun tó ní kí Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè tépù ní ibùdó ìlera, ẹ má tijú.

Bàbá Tóbi
Ó ti yé mi. Bó bá wá jẹ́ pupa ńkọ́? Ṣé kí a kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ dáadáa nílé ná?

Màmá Nọ́ọ̀sì
Rárá o, Bàbá Tóbi. Ara tó ti pẹ́ nínú ebi kì í lè gba oúnjẹ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan, ó lè dá ọkàn ọmọ dúró. Ẹ máa fún un lọ́mú, kí ẹ sì máa gbé e lọ. Níbẹ̀, wọ́n á fún un ní oúnjẹ ìtọ́jú kan tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, kó jẹ ẹ́ lójú wọn. Bó bá jẹ ẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, tí kò ní ibà, tí kò bì, tí ara rẹ̀ kò wú, ilé ni yóò ti máa gba ìtọ́jú, ẹ ó máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá lè jẹ ẹ́, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wàrà ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní F-75 díẹ̀díẹ̀, tọ̀sántòru. Oògùn ọmọ yẹn ni ẹ̀pà náà, ẹ má pín in fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ má sì rà á lọ́jà.

Ìyá Àrẹ̀mú
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Ibùdó ìlera wọ̀n ọ́n ní 12.0, wọ́n fún un ní zinc, wọ́n ní àìjẹunrekánú tí kò tíì le ni. Mo gbọ́ ti Ìyá Ẹlẹ́kọ, mo ra abọ́ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń tu gbogbo rẹ̀ jáde. Epo pupa ló mú un padà wálé, ó fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀. Àná ó jẹ́ 12.3, ọwọ́ kan náà, tépù kan náà, tépù gidi tí wọ́n fún mi.

Ìyá ọkọ mi ló di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí mo ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn tí a parí, ó ní kí n mú tépù náà tẹ̀lé òun. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lẹ́yìnkùnlé wa, ọmọ ọdún méjì, tí gbogbo wa mọ̀ sí ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. 11.2. Mo tún un wọ̀n, 11.2. A gbé e lọ nírọ̀lẹ́ yẹn, èmi, ìyá rẹ̀ àti ìyá ọkọ mi, lórí ọ̀kadà méjì. Ó jẹ ẹ̀pà náà lójú wọn, ó lá ọ̀rá. Ọjọ́rú ni wọ́n ní kí wọ́n gbé e padà wá.